Iṣan Tó Wà Lábẹ́ Eyín Mi

Ẹ̀pà sísun ni mò ń jẹ ní yàrá àwọn olùkọ́, nílé ẹ̀kọ́ wa ní Ifakọ̀-Ìjàyè, nígbà tí nǹkan dún "ká!" lẹ́nu mi. Mo rò pé òkúta ni. Ìrora ta láti àgbọ̀n mi dé etí, omi sì bọ́ lójú mi níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Eyín ńlá kan lẹ́yìn, nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ló là dé gbòǹgbò. Wọ́n yọ ọ́ lọ́sẹ̀ náà.

Ojú rẹ̀ jinná, ṣùgbọ́n apá òsì nìkan ni mo fi ń jẹun, àgbọ̀n á sì máa ro mí. Ọkọ mi, Bàbá Tólú, a máa gé ẹran mi wẹ́wẹ́ láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Òun ló ní ká lọ bèèrè bóyá wọ́n lè gbin eyín mìíràn.

Dókítà eyín tí a rí ní Ìkẹjà, ọ̀dọ́mọbìnrin onísùúrù kan, ṣàlàyé pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n máa yí wọ inú eegun àgbọ̀n, kó di gbòǹgbò fún eyín tuntun. Ímpíláǹtì ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n iṣan kan gba inú eegun yẹn kọjá, òun ló ń jẹ́ kí ètè ìsàlẹ̀ mọ ohun tó bá kàn án. Bí irin bá gún un, ètè lè kú títí ayé. Àyà mi já.

Ó fi èkísíréè pẹlẹbẹ hàn wá, ó ní ó jọ pé eegun tó. Ọkọ mi, tó ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù irin tí wọ́n ń da ike sí, nílé iṣẹ́ oníke kan ní Ọ̀gbà, sún mọ́ ọn.

"Dókítà, báwo ni àwòrán yìí ṣe lè ṣì tó?"

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín.

"Ó yẹ kí gbogbo ènìyàn máa bi mí bẹ́ẹ̀, sà. Bí òjìji ló rí. Òjìji lè gùn ju ènìyàn lọ, kì í sì í sọ bó ṣe fẹ̀ tó."

Síkáànù ló kàn, ẹ̀rọ tó ń yí orí ká, tó ń ya eegun níhà gbogbo kí kọ̀ǹpútà lè kó o jọ di odindi. Mo gbé itọ́ mì, àwòrán dàrú. A tún un yà. Irin tí wọ́n fi dí eyín tó wà nítòsí tún tàn yanran, ó bo ibì kan. Wọ́n bá fi kámẹ́rà kékeré ya inú ẹnu mi, wọ́n tẹ́ àwòrán méjèèjì léra. Nígbà náà la rí i pé iṣan náà sún mọ́ òkè ju bí èkísíréè ti wí lọ. Wọ́n yan irin tó kúrú.

Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ike kan tó dé eyín mi bíi fìlà, ihò kan wà nínú rẹ̀ tó máa darí ẹ̀rọ tí ń lu eegun. Ọkọ mi gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni gbé ìkókó. Dókítà kò tàn wá: ó ní èyí náà lè yẹ̀ díẹ̀, nítorí náà òun máa fi àlàfo mìlímítà méjì sílẹ̀ lórí iṣan.

Òwúrọ̀ ni wọ́n ṣe é. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi pa ẹnu mi kú ló dùn mí jù. Nígbà tí a délé, ètè mi ṣì kú. Ọkọ mi, tí kì í pa iṣẹ́ jẹ, jókòó tì mí, ó ń fi etí áńkáṣíìfù kàn án.

"Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?"

"Rárá."

Ó dúró, ó tún bi mí. Rárá. Oòrùn ti yẹ̀ lórí dáadáa kí n tó mọ̀ ọ́n lára bí ìgbà tí èèrà ń rìn níbẹ̀.

"Bàbá Tólú, ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Mo bú sẹ́kún, òun náà sì nu ojú.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú fún ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù mẹ́rin la fi dúró kí eegun tó di irin náà mú, kí wọ́n tó dé eyín lé e. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ bá kàn, ẹ bèèrè irú àwòrán tí wọ́n máa lò, kí ẹ sì bèèrè ibi tó ti lè ṣì. Dókítà rere kò ní bínú.

Mo ti rí iṣan yẹn lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀nà tóóró kan báyìí nínú eegun. Òun ló ń sọ fún mi pé tíì gbóná. Òun ló sọ fún mi lọ́jọ́ tí Tólú, ọmọ ọwọ́ nígbà náà, kọ́kọ́ fi ẹnu kò mí lẹ́nu. Ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, n kò kí i rí. Mo dúpẹ́ o.