Ìjókòó Ọláyíwọlá lórí Katakata

Bí Ọláyíwọlá bá kírun tán ní mọ́ṣáláṣí àwọn ará Ìlọrin ní Sabon Gari nílẹ̀ Hausa, á kí sálámà sí ọ̀tún bí gbogbo èèyàn. Tó bá kan òsì, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń yí láti ìdí wá, bí ìgbà tí wọ́n bá ń yí àpótí. Ọrùn rẹ̀ kì í yí sí òsì. Àwọn ọmọdé máa ń fi í rẹ́rìn-ín. Lèmọ́mù ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, Ọlọ́run mọ inú ẹ̀dá. Ọlọ́run lè mọ̀ ọ́n. Katakata ló ṣe é.

Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ló ti ń wa katakata Ọ̀gá Túbọ̀sún. Ọ̀gá yìí ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó kọ́lé sí Hanwa, ó ní oko, ó sì ń fi katakata rẹ̀ túlẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn láti Basawa títí dé ẹ̀yìn Samaru. Èèyàn á rí katakata lókèèrè, á rò pé ìgbádùn ni. Kò tíì gùn ún ni.

Disiki tó ń túlẹ̀ wà lẹ́yìn. Ọ̀pá tó ń gbé e sókè, tó ń sọ ọ́ kalẹ̀, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ọ̀tún. Nítorí náà, ọwọ́ òsì á di sítíárì mú, ọwọ́ ọ̀tún á wà lẹ́yìn, ojú náà á wà lẹ́yìn, láti èjìká ọ̀tún. Táyà ọ̀tún á wà nínú poro, ti òsì á wà lórí ilẹ̀ gíga. Katakata á fì sí ọ̀tún, ẹni tó jókòó náà á fì. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bó ṣe máa wà nìyẹn. Ìjókòó náà, irin ni. Sípíríìngì abẹ́ rẹ̀ ti kán. Ọ̀gá ní òun máa rà á. Ọláyíwọlá ká àpò ẹ̀pà lé e nígbà tó dúró títí. Kílọ́ọ̀ṣì tí ẹsẹ̀ òsì ń tẹ̀ le bí ọkàn orogún.

Ẹni tó ṣe katakata yẹn wá àyè fún ẹ́ńjìnnì. Ó wá àyè fún táyà. Nígbà tó ṣe é tán ló rántí pé èèyàn kan máa jókòó níbẹ̀, ó wá ní kó máa gbé ibi tó kù.

Nígbà tí orúnkún òsì Ọláyíwọlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ iṣẹ́, ó gbé katakata lọ sọ́dọ̀ jórinjórin kan lẹ́yìn ọjà Sabon Gari. Wọ́n jó irin gígùn mọ́ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ní kílọ́ọ̀ṣì, tó fi jẹ́ pé gìgísẹ̀ ló fi ń tẹ̀ ẹ́, lókè lọ́hùn-ún, láì ká orúnkún. Wọ́n tẹ ọ̀pá disiki síwájú kí ọwọ́ lè bá a. Ọ̀pá kékeré tó ń fún ẹ́ńjìnnì níná, wọ́n fi wáyà kílọ́ọ̀ṣì ọ̀kadà fà á wá sí abẹ́ ọwọ́ òsì. Wáyà náà kò gùn tó, wọ́n wá dè é ní òdìkejì. Èyí tí gbogbo ayé ń fà wálẹ̀ kí iná tó pọ̀, tirẹ̀, ó ń tì í sókè ni. Bó bá fẹ́ kí iná rọlẹ̀, á fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Jórinjórin wò ó tán, ó ní, "Alfa, ẹ̀yin nìkan lẹ máa lè wa nǹkan yìí láyé o."

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi, kó kọ́kọ́ mú un rìn."

"Ẹ ṣọ́ra o. Ọkùnrin tó bá ti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé, inú ilé yẹn lòun náà máa sùn."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe Ọláyíwọlá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bí àwọn awakọ̀ katakata ṣe ń ṣe é ní agbègbè yẹn nìyẹn. Kálukú ń tún tirẹ̀ ṣe kó lè bá ara rẹ̀ mu, àti kí ọ̀gá má bàa rí ẹlòmíràn gbé síbẹ̀. Inú Ọláyíwọlá dùn sí ọgbọ́n náà.

Ọ̀gá Túbọ̀sún mọ̀ pé ara ń dun ọkùnrin náà. "Yíwọlá, fara dà á," á wí bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún tí òjò bá ń kù sí dẹ̀dẹ̀. "Tuntun ń bọ̀. Ìwọ ni wàá jókòó sí i, kò sẹ́ni méjì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló so ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ta páàtì ọ̀kadà ní Ìlọrin ní kó wá bá òun jókòó ní ṣọ́ọ̀bù. Waheedat, ìyàwó Ọláyíwọlá, ti di ẹrù.

"Bàbá Sarat, iṣẹ́ ìjókòó ni wọ́n ń pè yín sí yìí."

"Ìjókòó wà níbí náà. Ọ̀gá ti ṣèlérí."

"Ìlérí kì í ṣe tìmùtìmù."

Kò lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró, dúró, ó fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Waheedat tú ẹrù rẹ̀ ní ìwọ̀n-ìwọ̀n, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n ní kó tún un dì.

Tuntun dé lóòótọ́. Òjò ọdún náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n já a kalẹ̀ ní àgbàlá Ọ̀gá ní Hanwa. Aláwọ̀ búlúù ni. Ìjókòó rẹ̀ ní tìmùtìmù, ó ní ibi tí wọ́n ń gbé apá lé, ó tún ń yí díẹ̀ sí ọ̀tún kí awakọ̀ lè wo ẹ̀yìn láì lọ́ ọrùn. Gbogbo ọ̀pá disiki wà níwájú ọwọ́. Dígí wà lọ́tùn-ún lósì. Lábẹ́ sítíárì, lọ́wọ́ òsì, ọ̀pá kékeré kan wà. Tí wọ́n bá tì í síwájú, katakata á lọ síwájú. Tí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, á máa fi ẹ̀yìn rìn.

Ọláyíwọlá gùn ún, ó jókòó. Ìbàdí rẹ̀ dún. Ìdí rẹ̀ méjèèjì kan nǹkan pa pọ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i láti ọjọ́ gbọọrọ. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní eruku ni.

Báyọ̀, àbúrò ìyàwó Ọ̀gá, ló bá katakata náà wá láti ibi tí wọ́n ti rà á. Wọ́n ti kọ́ ọ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wà á. Ọmọ dáadáa ni. Ó so bẹ́líìtì mọ́ Ọláyíwọlá níbàdí.

"Kí lèyí wà fún? Ṣé mo fẹ́ sá ni?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ní ká máa ṣe é nìyẹn. Tó bá dojú dé, kó má ju èèyàn nù."

"Kò tíì gbéra, o ti ń sọ pé ó máa dojú dé. Ẹnu rẹ á máa jẹ iyọ̀."

Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. Inú Ọláyíwọlá dùn lọ́jọ́ yẹn, ló ṣe ń ṣe àwàdà.

Ọ̀gá ní kó fi ẹ̀yìn rìn lọ síbi tí disiki wà, kí wọ́n so ó mọ́ katakata. Nǹkan kékeré. Disiki wà lápá ọ̀tún. Lápá òsì ni òpó irin tí táǹkì omi ilé náà jókòó lé.

Ó fa ọ̀pá kékeré náà sẹ́yìn. Ó wo ọ̀tún. Katakata náà ń lọ, kò pariwo bíi ti tẹ́lẹ̀, èèyàn kò tètè mọ̀ pé ó ń sáré. Báyọ̀ ló kígbe.

"Bàbá, òsì! Ẹ wo òsì!"

Ọrùn kọ̀. Ó ní kí òun yí gbogbo ara, bẹ́líìtì dì í mú. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè wá kílọ́ọ̀ṣì níbi tó mọ̀ ọ́n sí, afẹ́fẹ́ ló tẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ òsì fa ọ̀pá sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bó ṣe máa ń fà á kí iná lè rọlẹ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀pá iná. Ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Dígí wà níwájú rẹ̀ níbẹ̀, ó ń fi òpó hàn án kedere. Kò rántí wò ó. Katakata rẹ̀ kò ní dígí rí.

Táyà òsì gba òpó. Òpó kán, táǹkì wó, omi gba gbogbo àgbàlá. Kò pa ẹnikẹ́ni. Irin tó bo táyà rún bíi pépà.

Ọ̀gá Túbọ̀sún dúró sínú omi pẹ̀lú sálúbàtà rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Yíwọlá, sọ̀ kalẹ̀."

"Ọ̀gá, ọrùn mi ni."

"Ṣé èmi ni mo fún ọ lọ́rùn ni?"

"Rárá o. Ẹ̀yin lẹ gbà á."

Ọláyíwọlá kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀ rí. Ọ̀gá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ nínú omi, ó ní, "Báyọ̀, gùn ún."

Báyọ̀ tẹrí ba. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Wà á. Ọrùn tìrẹ ṣì ń yí."

Nígbà tí wọ́n gbọ́n omi tán, Ọláyíwọlá tọ Ọ̀gá lọ. Ó ní kó jẹ́ kí òun padà sórí katakata àtijọ́.

"Mo ti tà á. Alhaji Tanko ará Basawa ń bọ̀ wá gbé e lọ́la."

"Èmi ńkọ́?"

"A óò wò ó."

Ẹni tó bá ní a óò wò ó ti wò ó tán.

Nílé, Waheedat ki aṣọ bọ omi gbígbóná, ó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lọ́rùn. Kò sọ pé ṣebí òun wí. Ì bá sàn kó sọ ọ́.

"Ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín."

"Kí n ní kí ni? Pé ìjókòó tí mo tìtorí ẹ̀ kọ tirẹ̀, mo ti jókòó sí i tán?"

"Ẹ bẹ̀ ẹ́."

"Ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí, ìdí rẹ̀ ti mú ibẹ̀ gbóná. Ta ni n óò ní kó dìde?"

Lọ́jọ́ kejì, Alhaji Tanko dé pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀. Hausa ni gbogbo wọn jọ ń sọ. Awakọ̀ náà gun katakata àtijọ́. Ó wá kílọ́ọ̀ṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ há sábẹ́ irin. Ó fa ọ̀pá iná wálẹ̀ bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, ẹ́ńjìnnì kú. Ó tún un ṣe, ó tì í sókè, katakata fò bí ewúrẹ́ tí oyin ta. Ó bẹ́ sílẹ̀.

"Kai! Alhaji, èyí kì í ṣe tarakta. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni, ẹnì kan sì ti gbé èpè lé e."

Alhaji Tanko rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Nígbà tó dákẹ́, ó ní òun kò rà á mọ́. Ojú Ọ̀gá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ sí í wá Ọláyíwọlá kiri. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ló wà, ó ń wò wọ́n.

"Yíwọlá, wá wà á kí wọ́n rí i."

Ọláyíwọlá lè kọ̀. Bí kò bá wà á, Ọ̀gá kò ní rí i tà, ìyẹn ì bá sì dùn mọ́ ọn nínú. Bí kò bá wà á, òun náà kò ní nǹkan kan láti wà mọ́. Ó gùn ún. Gìgísẹ̀ mọ ibi tó ń lọ. Ọwọ́ mọ̀. Katakata yí àgbàlá ká jẹ́ẹ́jẹ́, ó gbé apá ẹ̀yìn tí wọ́n ń so disiki mọ́ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó dúró.

"To, ó dáa," ni Alhaji Tanko wí. "Mo rà á. Àmọ́ tòun tẹni yìí ni."

"Ẹ máa mú un lọ," ni Ọ̀gá Túbọ̀sún dáhùn kíákíá. Láti àná ló ti ń ro ohun tí òun máa fi ọkùnrin náà ṣe.

Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó bi Ọláyíwọlá léèrè. Ọgbọ́n tó dá kí wọ́n má bàa lé e ti ṣiṣẹ́. Wọn kò lé e. Wọ́n tà á.

Òun fúnra rẹ̀ ló wà á dé Basawa nínú oòrùn. Lójú ọ̀nà, kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan fẹ́ gba òsì rẹ̀ kọjá, ó ń fun fèrè, ẹni tó ń wà á ń bú u pé ṣé adití ni.

Nígbà tí wọ́n dé, Alhaji Tanko nawọ́ sí abẹ́ páànù kan lẹ́yìn ilé. "Tarakta níbẹ̀." Ó nawọ́ sí yàrá kékeré tó fẹ̀yìn ti páànù náà. "Ìwọ níbẹ̀ yẹn. Tí òjò bá dé, mi ò fẹ́ máa wá ọ kiri Sabon Gari."

Aládùúgbò kan yọjú lórí ògiri, ó kí wọn, ó béèrè pé ta ni bàbá yìí.

"Ó bá tarakta wá ni," ni Alhaji Tanko dáhùn.

Ọláyíwọlá pa ẹ́ńjìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bó ṣe máa sọ̀ kalẹ̀.