Làálì Tí Mo Gbìn Sí Ilẹ̀ Onílẹ̀

Òórùn òdòdó làálì kì í jáde lọ́sàn-án. Ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀, tí ilẹ̀ ń tutù díẹ̀díẹ̀, ni yóò tó rọra yọjú. Kí o tó mọ̀, ó ti gba gbogbo àgbàlá. Bí mo ṣe jókòó ní Ìsẹ́yìn yìí ní ìrọ̀lẹ́, inú kòròbá ọ̀dà kan tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi ni òórùn náà ti ń wá, Ṣakí ló sì ń gbé mi padà sí, sí ilé tí mo kọ́kọ́ gbé nígbà tí wọ́n gbé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mi lọ sí ìlú náà. Bí ìwọ náà bá ti háyà ilé rí, tí onílé ṣàdédé fajú ro sí ọ, tí o yẹ ara rẹ wò láti òkè dé ilẹ̀ tí o kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan, ọ̀rọ̀ mi yóò yé ọ. Èmi fúnra mi, kò tíì yé mi tán.

Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, nínú ilé alájà kan tí sìmẹ́ǹtì yí ká, níbi tí ènìyàn ti lè dàgbà láìfọwọ́ kan ilẹ̀ ju kí ó gbá a lọ. Mi ò ní ẹbí kankan ní Ṣakí. Opó àgbàlagbà kan ló ni ilé tí mo háyà yàrá níbẹ̀. Mùsùlùmí ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, gbogbo àwa ayálégbé rẹ̀ sì ń pè é ní Ìyá. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ẹrù mi wọlé ló ti sọ mí di ọmọ. Bí mo bá pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, n óò bá ẹ̀kọ àti àkàrà lẹ́nu ilẹ̀kùn mi, tó ti fi abọ́ dé wọn kí adìẹ má baà ṣá wọn jẹ. "Ọmọ mi, o ò tíì jẹun, àbí?" ni yóò máa wí láti inú yàrá rẹ̀. Ata àti tẹ̀tẹ̀ tí mo gbìn sẹ́yìn balùwẹ̀, òun ló fún mi ní irúgbìn wọn. Ìyá yẹn àti yàrá yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní ní ìlú náà, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọyẹ́ ló fa ọ̀rọ̀ làálì. Ọyẹ́ Òkè-Ògùn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìbàdàn rárá. Ètè mi bó, gìgísẹ̀ mi là débi pé bí mo bá fi tẹ sìmẹ́ǹtì, n óò yára gbé e sókè. Gbogbo ìpara tí mo mọ̀ ni mo fi pa á. Obìnrin Fúlàní kan tó máa ń gbé wàrà wá tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn wa ló wo ẹsẹ̀ mi lọ́jọ́ kan, tó bú sẹ́rìn-ín. "Nọ́ọ̀sì, làálì lẹsẹ̀ ẹ ń fẹ́," ó wí. "Lọ̀ ọ́, fi bò ó." Nígbà tó tún padà wá, ó mú ẹ̀ka làálì tútù kan fún mi, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀, kí n máa bomi rin ín, yóò hù.

Mo tẹ̀ ẹ́ bọlẹ̀ níwájú fèrèsé mi. Mi ò bi ẹnikẹ́ni. Kí ni mo fẹ́ bi í? Ẹ̀ka kan ṣoṣo, tí kò nípọn ju ìka mi lọ. Omi tí mo bá fi ṣan ìrẹsì ni mo fi ń bomi rin ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo sì fi apẹ̀rẹ̀ tó ti já nídìí yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ewúrẹ́ jẹ orí rẹ̀ náà ni, ó dùn mí wọra, àṣé ibi tó ti jẹ ẹ́ gan-an ni yóò ti pẹ̀ka. Nígbà tí òjò fi rọ̀ dáadáa, ó ti ga kọjá orúnkún mi, ewé rẹ̀ kéékèèké, òdòdó rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun tí wọ́n wọ́n sórí ẹ̀ka. N óò já ewé rẹ̀, n óò lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi ọsàn wẹ́wẹ́, n óò fi lẹ gìgísẹ̀ mi. Gìgísẹ̀ náà sì ń jiná. Mo fẹ́ràn igi yẹn ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn fẹ́ràn igi lọ.

Mi ò lè sọ pàtó ọjọ́ tí nǹkan yí padà. Ìyá ló máa ń gbá àgbàlá láràárọ̀, mo sì ṣàkíyèsí pé ojú ìgbálẹ̀ rẹ̀ ti ń yí po igi mi. Yóò gbá a bọ̀, gbá a bọ̀, bó bá kù díẹ̀ kó dé ìdí làálì, yóò yà, yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ tòun tewé tòun tìdọ̀tí. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ń ṣọ́ igi náà ni, kí ìgbálẹ̀ má baà ṣe é léṣe. Àmọ́ nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi ní "Ẹ káàárọ̀, Nọ́ọ̀sì." Ẹni tó lè bí ìyá mi! Ara mi bù máṣọ. Mo tún ìkúnlẹ̀ kúnlẹ̀, mo kí i dáadáa. "Ẹ ṣeun," ó wí, ó sì kọjá lọ. Ẹ̀kọ kò dé ẹnu ilẹ̀kùn mi mọ́. Nígbà tí ààwẹ̀ wọlé, tó ń fi oúnjẹ ìṣínu ránṣẹ́ sí gbogbo yàrá, abọ́ ń kọjá níwájú tèmi bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀.

Kí ni mo ṣe? Mo ronú títí orí fi ń fọ́ mi. Mo ní bóyá orin ìyìn tí mo máa ń kọ láàárọ̀ ni, nítorí náà mo pa orin tì, mo ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó jí nǹkan. Kò yí padà. Aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì sí mi wá dá kún un. Ọjọ́ kan ló rí mi tí mò ń já ewé, tó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìgbà wo la óò lé làálì fún ẹ? Ọkọ dà?" Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, àbí Ìyá rò pé èmi Kìrìsìtẹ́nì, wúńdíá, mò ń fi nǹkan ìyàwó àwọn Mùsùlùmí ṣeré ni? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìbọ̀sẹ̀ bo ẹsẹ̀ mi nínú ooru. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí, mo lọ bá a lórí ẹní rẹ̀. "Ìyá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Kò gbójú sókè kúrò lára tẹ̀sùbáà rẹ̀. "Ẹ̀ṣẹ̀ wo? Ẹ ò ṣẹ̀ mí." Ojú mi lọ sínú yàrá rẹ̀, mo rí abọ́ tó máa ń fi dé ẹ̀kọ mi, ó dojú dé lórí pẹpẹ. Mo padà sí yàrá mi, mo sunkún.

Èyí tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mò ń gé ẹ̀ka tó gbẹ kúrò lára làálì, ni Ìyá wá dúró lẹ́yìn mi. "Igi yín mà ti ń dàgbà," ó wí. "Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín lẹ óò jọ jókòó sábẹ́ ẹ̀." Inú mi dùn, o ò lè mọ bó ṣe dùn tó. Mo ní Ọlọ́run ti dáhùn, Ìyá ti ń súre fún mi padà. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. "Àmín, Ìyá! Àmín o!" Ó wò mí. Ó yí padà, ó wọlé. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ lórúnkún.

Kò pẹ́ sí i ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣòwò gààrí ní Ìgànná gun alùpùpù wá. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń wo ibòmíràn. "Nọ́ọ̀sì, ẹ má bínú," ọkùnrin náà wí. "Ṣé ẹ ti ra ilẹ̀ lọ́wọ́ Ìyá ni?"

"Ilẹ̀ kẹ̀? Ilẹ̀ wo?"

"Èyí tẹ́ ẹ gbin igi sí."

Ó wò mí, ó rí i pé ojú mi dá ṣáká, ló bá jókòó, ó ṣàlàyé. Ó ní ní ọ̀dọ̀ àwọn, àlejò lè gbin àgbàdo, ó lè gbin tẹ̀tẹ̀, nítorí ọdún kò ní í yí po kó tó tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n igi máa ń dúró, ẹni tó bá sì gbin igi, ilẹ̀ ló ń gbà. Ó ní àlejò kan gbin kajú sí oko bàbá àwọn rí. Nígbà tí bàbá kú, àlejò náà ní igi yẹn ni ẹlẹ́rìí òun, oko sì lọ. "Ìyá ò lè sọ ọ́ fún yín," ó wí. "Wọ́n ní táwọn bá sọ̀rọ̀, ẹ óò rò pé àwọn ń lé yín. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Àmọ́ wọ́n ní ẹ̀yin náà ṣe àmín."

Àmín mi padà wá dún sí mi létí. Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n ké. Obìnrin tí mo rò pé ó ti kórìíra mi ń bẹ̀rù pé bí òun bá kú, n óò gba ilé mọ́ àwọn ọmọ òun lọ́wọ́. Ó sì tún ń bẹ̀rù pé n óò bínú kó ẹrù mi. Ẹ̀rù méjèèjì ló gbé sínú, tó ń fi ìgbálẹ̀ yí igi po láràárọ̀. Mo mú ọkọ́ tó wà lẹ́yìn ilé, mo lọ síbi làálì, mo gbẹ́ ìdí rẹ̀, mo sì fà á tu. Òjò ti rọ̀ lánàá ọjọ́ náà, kò le, ó bá mi jáde tòun ti yẹ̀pẹ̀.

"Gbé e wá," Ìyá wí.

Mo gbé e lọ bá a. Ó yí gbòǹgbò rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn, bí ẹni tó ń wo ọmọ tuntun. Ó dìde, ó gbé e padà lọ síbi ihò tí mo ti fà á yọ, ó ní bísímílááì, ó sọ ọ́ sínú ihò kan náà, ó fi ọwọ́ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. "Ó ti di tèmi," ó wí. "Ìwọ, lọ pọnmi wá, kí o bomi rin ín kí ó tó rọ." Ọmọ rẹ̀ wò mí, èmi náà wò ó. Ó dájú pé kò yé òun náà.

Làálì náà rọ, ó wọ́wé, mo ti rò pé ó kú. Ṣùgbọ́n ó tún yọ ewé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí Ìyá gbìn ín, ojú ìgbálẹ̀ gba ìdí rẹ̀ kọjá, kò yà mọ́. Ẹ̀kọ sì padà sẹ́nu ilẹ̀kùn mi. Ohun tí kò yé mi títí dòní ni pé, láti ìgbà náà, bí Ìyá bá fẹ́ já ewé, yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn mi: "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n já díẹ̀?" Èmi náà, bí mo bá fẹ́ já a, n óò lọ kúnlẹ̀ fún un: "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n já díẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń tọrọ ewé lọ́wọ́ ara wa títí wọ́n fi gbé mi wá sí Ìsẹ́yìn. Ta ló ni igi náà? Bí o bá mọ̀, kí o sọ fún mi.

Ní ọjọ́ tí mò ń lọ, ó gé ẹ̀ka kan, ó gbìn ín sínú kòròbá ọ̀dà, ó sì gbé e lé mi lẹ́sẹ̀ nínú mọ́tò. "Inú kòròbá ni kó wà o, ọmọ mi. Ọjọ́ tí o bá ní ilẹ̀ tìẹ, kí o sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Mo pa àṣẹ náà mọ́. Àmọ́ láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ yí kòròbá náà síbi tí oòrùn ti pọ̀, ó kọ̀, kò mì. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Gbòǹgbò ti la ìdí kòròbá, ó ti wọ ilẹ̀ onílé lọ. Mo jókòó tì í, mo sì ń rò ó láti àárọ̀: igi kì í bi ẹnikẹ́ni kó tó fìdí múlẹ̀, bẹ́ẹ̀ lèmi náà ò bi ẹnikẹ́ni kí n tó fìdí múlẹ̀ lọ́kàn Ìyá, tí òun náà sì fìdí múlẹ̀ lọ́kàn mi. A ò ṣẹ ara wa. Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká sọ ni ẹnì kankan nínú wa kò sọ, ìyẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ fà wá tu. Òórùn òdòdó ti gba àgbàlá báyìí. Mo ti fọ ọwọ́ mi, mo ti wé gèlè mi, mo sì ń lọ kan ilẹ̀kùn onílé mi.