Fìlà Ọmọ Tí A Kì Í Rán Tán

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán Sátidé. Àwa mẹ́ta la wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ẹ̀gbẹ́dá: èmi, Rúkáyátù ọmọ mi, àti Ìyá Bàsírà tó ń ta píọ́ wọ́tà lẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ti mú iná lọ. Òjò ṣú láti ìhà Ìgàndó, èéfín ààtàn sì dà pọ̀ mọ́ ọn, débi pé ojú ọ̀run pọ́n bí ojú ẹni tó ti sunkún. Rúkáyátù fi eyín já etí ìró ìyá rẹ̀ tó ti kú, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó sì fà á ya.

Télọ̀ ni mí. Mò ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń ya lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n aṣọ tuntun ni. Aṣọ tuntun a máa ké. Èyí tó ti gbó kì í ké, ó máa ń mí kanlẹ̀ ni, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn.

“Bàbá, ṣé ẹ ò bínú?” Rúkáyátù ní. “Wọ́n sọ ọ́ nínú fóònù pé aṣọ tó ti rọ̀ ló dáa fún ara ọmọ tuntun. Wọ́n ní ẹni tí ò ránṣọ rí gan-an lè ṣe é.”

Mo ní n kò bínú.

Ìyá Bàsírà rẹ́rìn-ín. “Fóònù ló ń kọ́ ọmọ télọ̀ ní aṣọ rírán. Bàbá Ruka, ẹ kúkú jókòó tì í kó kọ́ ẹ̀yin náà díẹ̀, jàre.”

Kò purọ́. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé n kì í rán aṣọ ọmọ ọwọ́. Mò ń rán ṣòkòtò, mò ń rán agbádá, mò ń rán aṣọ ilé-ìwé. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ti ọmọ tuntun wá, màá ní máṣíìnì mi kì í rán nǹkan kékeré. Wọ́n ní ìgbéraga ni. Nígbà tí a bí Rúkáyátù, ìyá rẹ̀ lọ ra aṣọ fún un ní Ìyànà Ìpájà, ó sì ń sọ fún àwọn tó wá kí wa pé, “Télọ̀ lọkọ mi, bọ́síkọ̀rọ̀ lọmọ mi ń wọ̀.” Yóò rẹ́rìn-ín, èmi náà yóò rẹ́rìn-ín. Ó kú láìgbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ọmọdé ìsinsìnyí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ ju ilé lọ ní Ìgàndó nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ògbómọ̀ṣọ́ làwọn òbí mi ti wá. Ilé alámọ̀ la gbé, ọ̀nà pupa kan kọjá níwájú rẹ̀, igi àgbọn mẹ́ta sì wà lẹ́yìnkùlé. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń lọ sílé-ìwé. Èmi kò lọ, nítorí ojú Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, kò sì sí ẹlòmíràn tí yóò máa bá a fi òwú sí i. Èmi ni ojú rẹ̀. Mo ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá kí n tó wọ ilé-ìwé, orúnkún mi sì ń gbá bẹ́ǹṣì iwájú nígbà tí àwọn tó yí mi ká ṣì ń mu ìka.

Aláboyún kan kì í wà ní àdúgbò wa kí Ìyá àgbà má rán nǹkan fún ọmọ rẹ̀. Bí oyún bá ti pé oṣù méje, yóò lọ tọrọ ìró tó ti gbó lọ́wọ́ ìyá ọmọ, yóò sì fà á ya. Ọ̀já ló máa ń kọ́kọ́ ṣe, torí aṣọ gbọọrọ lásán ni, kò ju kí a ṣẹ́ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ. Lórí ọ̀já ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ìránṣọ mi ìgbà náà dà bí ipasẹ̀ adìyẹ lórí iyẹ̀pẹ̀ òjò. Kò bú mi rí. Yóò kàn fi ọwọ́ pa á, yóò ní, “Ọmọ ò ní wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọkọ mi.”

Lẹ́yìn ọ̀já ló kan fìlà. Ìyá àgbà yóò wá àgbọn kékeré tí a ti bó, èyí tó tó orí ọmọ tuntun. Yóò gé aṣọ sí mẹ́rin bí awẹ́ ọsàn, yóò so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì fi dé àgbọn náà lórí. Ìgbà mìíràn wà tí àgbọn mẹ́ta yóò tò sẹ́bàá ògiri pẹ̀lú fìlà lórí, bí ọmọ ilé kéwú tó ń dúró de oúnjẹ.

Àmọ́ kì í pa òkè fìlà dé. Yóò fi ẹnu awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ láìrán, ihò tí ìka kan lè wọ̀. Yóò fi abẹ́rẹ́ olówùú há a, yóò sì gbé e sínú agolo bisikíìtì. Ó di ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pe orúkọ ọmọ, kó tó gbé e lé itan kó sì rán an tán.

Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó mú ìka mi, ó fi kan àárín orí ọmọ aládùúgbò wa kan tó wà nílé wa lọ́jọ́ náà. Ó rọ̀, ó sì ń sọ kúlúkúlú bí ọ̀fun ọ̀pọ̀lọ́.

“Àwùjẹ rẹ̀ nìyẹn,” ó ní. “Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ò tíì pa á dé. Ta wá lèmi tí màá ṣáájú rẹ̀?”

Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gbọ́, mo sì gbàgbé.

Ọdún yẹn ni ìyá mi lóyún. Nígbà tí oṣù rẹ̀ pé mẹ́jọ, wọ́n pe Ìyá àgbà sí ìsìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti fi fìlà àbúrò mi sínú agolo, aláró ni, ó ku òkè. Mo rò ó pé bí mo bá rán an tán kó tó dé, yóò yìn mí. Mo jókòó sábẹ́ igi àgbọn, mo kó ẹnu awẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ, mo rán an, mo ta kókó, mo sì fi eyín já òwú. Kò sí ipasẹ̀ adìyẹ níbẹ̀ rárá. Mo gbé e lọ bá ìyá mi.

Ó fi ìkúùkù rẹ̀ sínú rẹ̀, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní, “Ọwọ́ rẹ mà ti dáa o.” Lẹ́yìn náà ni ìka rẹ̀ lọ sí òkè fìlà. Ó ń wá ihò náà. Kò rí i. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó bọ́ fìlà náà jẹ́jẹ́.

“Gbé e padà síbi tó wà.”

Mo gbé e padà sínú agolo.

Ọmọ náà dé kí Ìyá àgbà tó dé. Obìnrin ni. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, n kò gbọ́ ohùn ọmọ náà mọ́, kò sì sí ẹni tó rán mi lọ pọn omi. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ pé bí àgbà ò bá rán ọmọdé níṣẹ́ mọ́, nǹkan ti ṣẹlẹ̀ nínú ilé.

Nígbà tí Ìyá àgbà dé, ó ṣí agolo, ó wo fìlà náà pẹ́, ó sì gbé e lọ sẹ́yìnkùlé. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, mo ń wò ó bó ṣe ń tú òwú náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gbé ojú sókè.

“Kì í ṣe ọwọ́ rẹ ló fà á, ọkọ mi.”

Bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì sọ pé ọwọ́ mi ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé dàgbà. Bí kì í bá ṣe ọwọ́ mi, kí ló dé tó fi dárúkọ ọwọ́ mi?

Nígbà tí aago fi máa lu mẹ́fà ní ṣọ́ọ̀bù mi, Rúkáyátù ti rán fìlà tirẹ̀ parí. Ó fi ìkúùkù sínú rẹ̀, ó nà án sí mi.

“Ẹ wò ó, Bàbá.”

Ìka mi lọ sí òkè. Ó ti pa á dé pátápátá, ó sì ta kókó.

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbé lé àpótí. Ó wú. Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó padà wá ní Mọ́ńdè. Oyún èṣí kò kọjá oṣù méje.

“Ṣé kò yẹ kó o jẹ́ kó dé ná?” mo ní.

Kò bínú. “Ti èṣí, n kò ṣe nǹkan kan dè é, Bàbá. Gbogbo yín lẹ ní kí n má ṣe é. Bóyá ó wò yíká, ó rò pé a ò retí òun ni.”

Ìyá Bàsírà, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, dìde lọ bo omi rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ Rúkáyátù wá mú un lọ. Rúkáyátù fi fìlà náà sílẹ̀ kí n bá a lọ̀ ọ́ bí iná bá dé.

Oko ẹ̀gẹ́ Ìgàndó ti lọ. Ohun tí Ìyá àgbà fi ojú rẹ̀ ṣòfò lé lórí, fóònù ń kọ́ni ní ìrọ̀lẹ́ kan. Wọ́n ń ya àwòrán ọmọ kó tó jáde. Mo kàwé níwọ̀n tí mo fi mọ̀ pé òwú kì í pa ọmọ. Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀ àwùjẹ ni ọmọ ṣì ń gbé wá sáyé, ó ṣì ń sọ kúlúkúlú, ìbẹ̀rù sì ni àwọn tó ń retí rẹ̀ fi ń dúró. Ohun kan ló yé mi lálẹ́ ọjọ́ náà tí kò yé mi tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kò sọ pé kí a má rán nǹkan de ọmọ. Gbogbo ọmọ ló rán nǹkan dè. Ó kàn ń fi àyè sílẹ̀ ni. Ìbẹ̀rù rẹ̀ nìkan ni mo mú nínú ogún náà.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, kí ẹnikẹ́ni tó gbálẹ̀, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo fi bíléèdì tú òkè fìlà náà. Ó pẹ́ kí n tó fi òwú sí abẹ́rẹ́, torí ojú tèmi náà kò rí ihò rẹ̀ dáadáa mọ́. Mo fi abẹ́rẹ́ há a, mo gbé e lọ sílé Rúkáyátù ní Akọ́wọ́njó, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró. Ó fi ìka bọ inú ihò náà, kò tètè yọ ọ́.

“Ta ni yóò wá pa á dé?”

“Èmi ni. Bó bá di ọjọ́ kẹjọ.”

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ìyókù ìró ìyá rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì. Mo gé ọ̀já kan lára rẹ̀, mo jókòó ti máṣíìnì, mo ṣẹ́ etí rẹ̀ mẹ́ta, mo sì fi ẹ̀kẹrin sílẹ̀.