Àbùrà Olóyin Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Ilé Rájí Adéníjì wà ní Igbó-Elérin, àwọn aládùúgbò rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó gbádùn. Wọ́n á ní kí ni òṣìṣẹ́ igbó ń ṣọ́ ládùúgbò tí kò sí igbó, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti erin. Rájí á rẹ́rìn-ín, á gun máṣíìnì ọ́fíìsì lọ sí Ìbà. Lẹ́yìn Ìbà, lẹ́bàá irà, igbó ìjọba kékeré kan ṣẹ́ kù níbẹ̀, òun ló sì ti ń ṣọ́ ọ láti ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.

Ohun méjì ni kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èkíní ni òòlù ìjọba, tó jẹ́ pé lẹ́tà wà lójú rẹ̀. Tó bá ba igi, àmì á jáde. Òfin ni pé wọn ò gbọdọ̀ gé igi kankan níbẹ̀ àfi tí Rájí bá kọ́kọ́ lù ú nídìí. Èkejì ni ìwé ńlá ẹlẹ́yìn dúdú kan. Gbogbo igi inú igbó náà ló fún ní nọ́ńbà, ọ̀dà funfun ló fi kọ ọ́ sí wọn lára. Lọ́dọọdún, lẹ́yìn òjò, á fi téèpù yí wọn nídìí lọ́kọ̀ọ̀kan, á kọ bí wọ́n ṣe tóbi sí. Àbùrà, arère, àfàrà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ igba igi ó lé mọ́kànlá. Ìyàwó rẹ̀, Sẹ̀kínát, máa ń sọ pé ọkọ òun mọ ọjọ́ orí àbùrà, kò mọ ti àwọn ọmọ ẹ̀. Kò parọ́.

Igi kan péré ni kò sí nínú ìwé yẹn: àbùrà ńlá kan létí irà, tí oyin ń gbé inú ihò ara rẹ̀. Ìgbà mẹ́ta ni Rájí gbé téèpù lọ síbẹ̀, ìgbà mẹ́ta loyin lé e wọnú omi. Ìtìjú gidi ni lójú rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ọ̀gá kankan mọ̀.

Nígbà tó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, lẹ́tà dé pé wọ́n fẹ́ gé igbó náà, kí wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀. Ohun tí Rájí wá ṣe, òṣìṣẹ́ igbó nìkan ló lè ṣe é. Ó gbà pé bí àwọn ọ̀gá bá lè rí bí àwọn igi yẹn ṣe tóbi tó, ojú á tì wọ́n. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ti ń wọn igi látọjọ́ pípẹ́ wá á rò pé gbogbo ayé ló mọyì ìwọ̀n. Ó ṣe àdàkọ ìwé náà látòkè délẹ̀, nọ́ńbà, irú igi, ìwọ̀n, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró sí, ó so ó mọ́ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá àgbà ṣí i wò, ó ní, "Baba, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe yìí o." Inú Rájí dùn délé. Àṣé ẹni tó ní kó fẹ́ òun lójú ti fi ata sẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀ làwọn agégi dé. Jídé ni olórí wọn, ọkùnrin ẹlẹ́rìn-ín kan láti Ọ̀kọ́kọ́máìkò. Ó kí Rájí dáadáa, ṣùgbọ́n ojú Rájí ti lọ sóhun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àdàkọ ìwé Rájí ni, tòun ti ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀.

"Baba, ẹ ò mọ bẹ́ ẹ ṣe help wa tó," ni Jídé wí. "Àwa tá a máa ń wá igi kiri bí afọ́jú. Pẹ̀lú èyí, straight sídìí igi ni. Àwọn tó tóbi jù la máa fi bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n sì fi wọ́n bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni sọ́ọ̀ fi ń ké. Rájí ń lọ níwájú wọn, ó ń lu òòlù, nítorí àṣẹ ti dé, iṣẹ́ sì niṣẹ́. Bó bá ti lu ọ̀kan, á fa ìlà pupa sórí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé. Ó ń ṣe é bí ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ júwe ọmọ rẹ̀ fún gbọ́mọgbọ́mọ.

Nígbà tó di Friday, ó ku àbùrà olóyin. Jídé yẹ ìwé wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Baba, èyí ò sí nínú ìwé o."

"Mo mọ̀."

"No problem. Ẹ ṣáà lù ú. Èéfín la máa fi lé àwọn oyin yẹn."

Rájí wo igi náà títí. Nínú gbogbo iṣẹ́ tó fi ayé rẹ̀ ṣe, ibi tó ti kùnà nìkan ló ṣì dúró. Ó yọ òòlù. Jídé rò pé ó fẹ́ lù ú ni. Rájí rìn kọjá lára igi, ó dé etí irà, ó sì fi gbogbo agbára apá rẹ̀ ju òòlù ìjọba sínú omi dúdú.

"Háà! Baba! Ohun ìjọba!"

Rájí ṣí ìwé rẹ̀ sójú ewé tó kẹ́yìn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òòlù sọnù. Irọ́ àkọ́kọ́ tó kọ sínú rẹ̀ nìyẹn.

Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ò tíì jáde. Wọ́n ní àfi kó mú òòlù wá. Máṣíìnì ti padà sí ọ́fíìsì, nítorí náà ọkọ̀ èrò ló ń wọ̀ lọ sí Ìbà láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Á dúró láàárín àwọn kùkùté, jìnnà díẹ̀ sí àbùrà, torí àwọn oyin ò tíì mọ̀ ọ́n lọ́rẹ̀ẹ́. Ó ti gbọ́ pé wọ́n ti rọ òòlù tuntun, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni yóò dé.