Ogun tí Mo Kín Lẹ́yìn

Ọjọ́ tí Káyọ̀dé dùbúlẹ̀ sórí tábìlì mi, mo ti lo ọdún mọ́kànlá nídìí iṣẹ́ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá ní Atlanta. 

Lithonia ni mò ń gbé. Láràárọ̀ ni mo máa ń gba títì I-20 lọ síbi iṣẹ́ wa, ilé kékeré kan tí ìyẹ̀fun funfun máa ń bo ilẹ̀ rẹ̀ bí ilé ẹlẹ́lùbọ́. Mista Walter ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, aláwọ̀ dúdú ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti jagun nígbà èwe rẹ̀. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ ènìyàn, kùkùté ló máa ń kù. A ó fi báńdéèjì tí a rẹ sínú POP, ìyẹ̀fun funfun tó máa ń le bó bá gbẹ, wé kùkùté náà, a ó fi ọwọ́ méjèèjì mú un títí yóò fi le, a ó wá fi ìrísí rẹ̀ ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ibi tí kùkùté ń wọ̀ sí. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì bá fún jù, á bó ènìyàn lára. Bó bá ṣò jù, á gbé e ṣubú. Àkọ́kọ́ tí mo dá ṣe fún mọ́ oníbàárà lẹ́sẹ̀ débi pé ẹ̀jẹ̀ rin ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀. Mista Walter kò bá mi jà. Ó ní bí oníbàárà bá ń rìn, ojú rẹ̀ ni kí n máa wò, kí n yé wo iṣẹ́ ọwọ́ ara mi.

Iṣẹ́ náà ní ẹ̀rín tirẹ̀. Màmá Ìjẹ̀ṣà kan láti Stone Mountain kọ ẹsẹ̀ tí a kọ́kọ́ ṣe fún un nítorí pé àwọ̀ òyìnbó ni. Ó ní, "Ṣé kí n gbé ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì ni?" Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi po ọ̀dà kó tó gbà pé tòun ni.

Nígbà tí ogun Iraq bẹ̀rẹ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ni. Mo ra àsíá, mo fi sára mọ́tò mi. N kò ní purọ́: mo kín ogun náà lẹ́yìn tọkàntọkàn. Wọ́n sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé ìjọba Iraq kó ohun ìjà burúkú pamọ́ sọ́hùn-ún, mo sì gbà. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tó ń tì mí lójú: mo fẹ́ kí àwọn ará ibi iṣẹ́ wa rí i pé èmi náà ti di ọ̀kan nínú wọn. Mista Walter nìkan ni kì í dá sí i. Bí mo bá ti mẹ́nu ba ogun, yóò tan ẹ̀rọ tí a fi ń ha sọ́kẹ́ẹ̀tì kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn mi.

Aunty Bísí, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni ìyá Káyọ̀dé. Ọmọ náà kò tíì pé ogún ọdún nígbà tó ní iṣẹ́ ológun lòun fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀ pè mí wá sílé lọ́jọ́ ìsinmi kan pé kí n wá bá òun bẹ̀ ẹ́ kó lọ sí college.

Káyọ̀dé bi mí lójú ìyá rẹ̀ pé, "Aunty Fúnmi, ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ sọ òótọ́ o."

Mo ní, "Aunty Bísí, ẹ jẹ́ ó lọ. Ìlú tó gbà wá mọ́ra, ó yẹ ká lè ṣe nǹkan fún un."

Aunty Bísí wò mí bí ẹni tó ké sí èèyàn pé kó wá bá òun pa iná, tí onítọ̀hún gbé kẹrosíìnì dé.

Káyọ̀dé lọ. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi wá ohun ìjà wọ̀nyẹn tì. Ojú mi là. Mo rọra yọ àsíá kúrò lára mọ́tò, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí Aunty Bísí bá ti kúnlẹ̀ ládùúrà, èmi ni mo máa ń gbá a mú pé, "Ẹ má mikàn, ogun òdodo ni. Á padà wálé."

Ó padà wálé. Bọ́ǹbù tí wọ́n rì sẹ́bàá ọ̀nà ló gba ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù ní ọsibítù àwọn ológun, wọ́n darí rẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Mista Walter ní òun lè gbà á lọ́wọ́ mi. Mo ní rárá.

Mo wé POP mọ́ kùkùté rẹ̀, mo fọwọ́ méjèèjì mú un. Ìgbà yẹn ló sọ̀rọ̀.

"Aunty, ogun yẹn, ṣé ẹ ṣì rò pé ó tọ́?"

POP ti ń le bọ̀. Bí mo bá fi sílẹ̀, iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. N kò ríbi sá sí.

"Rárá. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Láti ìgbà wo?"

Ǹ bá sọ pé láti ọjọ́ tó ti fara pa. Ìyẹn ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

"Ó ti tó ọdún kan kí bọ́ǹbù yẹn tó bá ẹ."

"Mo ṣì wà níbẹ̀ nígbà yẹn."

"O ṣì wà níbẹ̀."

"Ẹ sì ń sọ fún mọ́mì mi pé ogun òdodo ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lè yí ọ̀rọ̀ mi padà."

Ó kọjú sí ògiri. Báyìí la wà, kùkùté rẹ̀ lọ́wọ́ mi, títí POP fi gbẹ. Nígbà tí mo bọ́ ọ tán, ó ní, "Kí Mr. Walter bá mi parí ẹ̀."

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Aunty Bísí, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Dìde, Fúnmi. Mi ò lókun tí màá fi bínú. Ṣùgbọ́n má wá sílé mi fúngbà díẹ̀." Ọdún méjì ni ìgbà díẹ̀ náà gbà.

Kùkùté a máa súnkì bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìdí nìyẹn tí a fi ń pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Mista Walter ti fẹ̀yìn tì, èyí tí wọ́n ṣe fún Káyọ̀dé níbòmíràn sì ń bó o lára. Ọjọ́ kan ṣàdédé ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹsẹ̀ ni mo wá ṣe o, Aunty. Mi ò bá ti ọ̀rẹ́ wá."

"Jókòó," ni mo wí. "Ká ṣòkòtò ẹ sókè."

Láti ìgbà náà, èmi ni mò ń ṣe é. Ó di tíṣà ní Morrow, ó gbéyàwó, ó bímọ. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan là ń sọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kí n tó fẹ̀yìn tì, ó wá gba èyí tó jẹ́ ìkarùn-ún. Ó di irin méjì tí àwọn oníbàárà fi ń dán ẹsẹ̀ wò mú, ó rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ojú rẹ̀ ni mò ń wò. Ó dúró.

"Aunty, mo bi pastor léèrè ọ̀rọ̀ ogun yẹn. Mo bi gbogbo àwọn uncle tó gbá mi mọ́ra lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Gbogbo wọn ló ní àwọn ò fọwọ́ sí ogun yẹn rí. Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà pé ẹ fọwọ́ sí i."

Mo bi í pé, "Ṣé o ti wá dárí jì mí?"

"Mi ò mọ̀, Aunty. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo ti dárí jì yín." Ó tẹ ìka mọ́ ẹ̀gbẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. "Ó ń ta mí níbí."

Mo kúnlẹ̀, mo fi pẹ́ńsù sàmì síbẹ̀, mo gba ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì padà sídìí iṣẹ́.