Oorun Tí Mo Sùn Lọ́jọ́ Ẹjọ́ Láwànì

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní òpùrọ́. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí irọ́ ń wù, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kì í fi ọkọ rẹ̀ tó ti kú purọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, lójú ọ̀nà Sanson sí Tchaourou, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí òyìnbó Faransé ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí.

Láwànì ni ọkọ mi ń jẹ́. Kó tó ṣàìsàn, bí ẹ bá béèrè rẹ̀ ní Sanson, wọn á ní ẹni tó ń kọ ebè kí àkùkọ tó kọ ni. Ó ga, ó sì máa ń fi kíkúrú mi dá àpárá. Àfi bí oorun ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Oorun wo nìyẹn! Á mú òkèlè iyán, á sùn lọ kó tó dé ẹnu rẹ̀. Á forí kanlẹ̀ níbi ìrun, kò ní dìde mọ́.

Ìgbà yẹn náà ni iṣẹ́ túláàsì ojú irin dé. Wọ́n kó àwọn ọkùnrin lọ gbẹ́ ilẹ̀, Láwànì ń sùn lórí ìdúró tòun ti ọkọ́ lọ́wọ́. Wọ́n nà án bí ẹni na kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo mú un lọ bá ọkùnrin tó ń fúnni lóògùn nílé ìwòsàn, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní dókítà kékeré. Kò fọwọ́ kàn án rárá. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀lẹ ni. Ọ̀lẹ ò ní oògùn." Mo padà lọ, mo tún padà lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ, wọn á sì dá ọkọ mi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí àwọn dókítà tó ń lọ láti ìlú dé ìlú wá, ọ̀kan nínú wọn kàn fọwọ́ tẹ ọrùn rẹ̀ ni, ó sì bá kókó níbẹ̀. Ó ní àìsàn oorun ni. Ó ní ká ní wọ́n tètè mọ̀ ọ́n ni, oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó ti wọ inú ọpọlọ. Láwànì kú kí iṣu tuntun tó jáde. Orúkọ ọ̀lẹ kò bá a kú. Ọmọ ọ̀lẹ ni àwọn ẹgbẹ́ Àmínà, ọmọ wa, ń pè é.

Ẹ mọ àṣà àwa Mùsùlùmí. Kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, alùfáà á ní kí ẹni tí òkú bá ṣẹ̀ foríjì í. Inú yàrá ni mo wà tí mo gbọ́ ọ. N kò mọ ìgbà tí mo pariwo: "Kò ṣẹ ẹnì kankan! Àwọn ló ṣẹ̀ ẹ́! Ta ni yóò bẹ òun?"

Alùfáà fohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ìyá Àmínà, gbé e lọ sílé ẹjọ́."

Mo ṣe opó tán, mo gbé e lọ sí Tchaourou. Òyìnbó kọmándáǹ ló ń dájọ́, òun àtàwọn àgbà ìlú tó mọ òfin wa. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbà. Mo ní kí dókítà kékeré dúró níwájú mọ́ṣáláṣí Sanson lọ́jọ́ Jímọ̀, kó sọ fún gbogbo ayé pé àìsàn ló ṣe ọkọ mi, òun ni kò yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n dá ọjọ́ fún wa, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá yọjú ti jẹ̀bi.

Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ gbà mí gbọ́, n kò rí oorun sùn. Ẹ̀rù oorun ń bà mí. Mo ti rí ohun tó fi ọkọ mi ṣe.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, mo tètè kúrò nílé. Oòrùn ti dé àtàrí nígbà tí mo dé ìdí igi emi ńlá kan. Ẹyẹ dákẹ́. Ewé kan ò mì. Orí mi wú, n kò sì tíì rí nǹkan kan.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, ọkùnrin kan fẹ̀yìn ti igi náà. Láwànì ni. Ojú rẹ̀ là kedere, bó ṣe rí nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà.

"Ìyàwó kúkúrú," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé o ò tíì sùn ni?"

Ó yẹ kí n sá. Ká má purọ́, n kò fẹ́ sá. Mo ní, "Bàbá Àmínà, ẹjọ́ yín ni mò ń lọ rò."

"Mo mọ̀."

"Wọ́n ń dúró dè mí."

"Ó ti rẹ̀ ọ́. Jókòó díẹ̀. Màá máa ṣọ́ ọ."

Mo jókòó. Mo gbé orí lé itan rẹ̀. Itan náà tutù bí ìkòkò omi. Ó ń fọwọ́ pa mí lórí, mò ń sunkún, mò ń sọ fún un pé Àmínà ti ń lọ pọnmi, pé kò sí ẹni tó ń bá mi dá àpárá mọ́. Ibẹ̀ ni mo sùn lọ.

Ìgbà tí mo jí, oòrùn ti ń wọ̀. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. Mo sáré dé Tchaourou, wọ́n ti ń kó àga wọlé. Ògbufọ̀ tó máa ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa fún kọmándáǹ wò mí tàánútàánú.

"Ìyá, ó ti finí, ó ti parí. Wọ́n pè yín títí. Dókítà kékeré ti jàre."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹnì kan tó ti Sanson bọ̀ ló sọ pé òun rí yín tí ẹ̀ ń sùn lábẹ́ igi. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyàwó ọ̀lẹ náà ni."

"Èmi nìkan ló rí?"

"Rárá o. Ó ní ọkùnrin gíga kan ń lé eṣinṣin lára yín."

Ẹjọ́ náà kò padà mọ́. Ọmọ ọ̀lẹ ni wọ́n ń pe Àmínà títí ó fi relé ọkọ. Alùfáà ní kì í ṣe Láwànì, àlùjànnú ló gbé ojú rẹ̀ wọ̀. Ìyá ọkọ mi ní òun ni, ó ní òkú kì í fẹ́ ẹjọ́. Èmi ò mọ̀. Inú rẹ̀ bí mi, ó bí mi gan-an. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, n kò tún sun irú oorun bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ tèmi. Bí ẹ bá ń lọ gba ẹ̀tọ́ òkú yín, tí ẹ sì pàdé rẹ̀ lọ́nà, ẹ kí i. Bí ẹkún bá gbọ̀n yín, ẹ sun ún lórí ìdúró. Ohun yòówù kó sọ, ẹ má jókòó.

Èmi tí mò ń kìlọ̀ yìí, bó bá tún pè mí lónìí, màá jókòó.