Àwọn Mẹ́fà Tí Mo Kọ̀ Láti Tú Ká

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ọdún kejì ni mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà tí mo kúrò nílé ìwé, láti ìgbà náà sì rèé, ohun tí mo ń kọ kò ju orúkọ àwọn nǹkan tí màmá mi ní kí n rà lọ́jà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀rọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Kódà bí mo bá wà láàárín èèyàn, ohùn mi kì í fẹ́ jáde. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kiri bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín lójú tèmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ fúnra mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Kabba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Aiyetoro-Gbede. Yàrá kan péré ni. Tẹlifíṣọ̀n mẹ́rin ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú bẹ́ǹṣì méjì àti sólà tí agbára rẹ̀ ń tán bí ojú ọ̀run bá ti ṣú. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá lórí mẹ́ta nínú àwọn tẹlifíṣọ̀n náà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Ẹ̀kẹrin, èyí tó wà ní kọ̀rọ̀, ni géèmù àwọn jagunjagun wà lórí rẹ̀. Ó gùn, ó sì kún fún èdè Òyìnbó, nítorí náà àwọn èèyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé ìdí rẹ̀.

Èmi ni mo ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀. Mo máa ń gbálẹ̀, mo máa ń nu eruku, mo sì máa ń fi aṣọ tútù nu àwọn páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ẹ̀pà dọ̀tí. Ọdún kẹta tí mo ti ń ṣe é nìyẹn. Mi ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, àfi pé kó jẹ́ kí n máa gbá géèmù kọ̀rọ̀ yẹn láàárọ̀ kí èrò tó dé.

Àyè mẹ́ta péré ló wà nínú ẹ̀rọ náà tí èèyàn lè fi eré rẹ̀ pamọ́ sí, kó lè bá a níbi tó fi í sí bó bá padà dé. Ẹ̀gbọ́n mi ló ni àkọ́kọ́. Tíṣà obìnrin kan tó ń wá láti Aiyetoro ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ló ni èkejì. Ẹ̀kẹta ni tèmi. Bí wọ́n bá pa àyè ẹnì kan rẹ́, gbogbo làálàá rẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí bó ṣe lè rí i mọ́.

Géèmù náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ilẹ̀ gbalasa kan wà tó kún fún ẹranko burúkú, o sì gbọ́dọ̀ kó èèyàn jọ tí ẹ ó jọ là á kọjá. Mẹ́fà lo lè kó jọ, ṣùgbọ́n mẹ́rin péré ló lè jáde lọ jà lẹ́ẹ̀kan. Àwọn méjì yòókù á dúró ní bùdó. Ẹni tó bá jà ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí ìpele rẹ̀ ń gòkè. Ẹni tó bá dúró ní bùdó á wà bó ṣe wà, agbára rẹ̀ kò ní kúrò lójú kan.

Àwọn mẹ́fà tèmi nìyí: ọkùnrin gíga kan tó ń fi ọ̀kọ̀ jà, obìnrin ọlọ́fà, alágbẹ̀dẹ kan tó gbé asà tó sì ń rìn bí ẹni tó ru ẹrù àpò sìmẹ́ńtì, ọkùnrin onídán tí iná ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọbìnrin olè kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá, àti ìyá arúgbó kan tó ń fi ewé wo ọgbẹ́. Ìyá yìí jókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà ní ìbẹ̀rẹ̀ eré. Gbogbo ẹni tó mọ géèmù náà ló ń kọjá lára rẹ̀, nítorí pé olùwòsàn tó jẹ́ ọ̀dọ́ wà ní ìlú tó tẹ̀ lé e. Èmi ò mọ̀. Mi ò tilẹ̀ lóye gbogbo ohun tó sọ. Mo kàn rí i pé ó ti di ẹrù rẹ̀, ó ń dúró de ẹni tó máa mú un dání, mo sì mú un.

Ojú ewé kan wà nínú géèmù náà tó ń gbani nímọ̀ràn pé kí o yan ẹni méjì, kí o sì da gbogbo agbára lé wọn lórí. Tíṣà yẹn ló kà á fún mi lẹ́yìn tó ti pẹ́. Kí n tó gbọ́, ohun tí mo mọ̀ ni mo ṣe. Ìkòyí-Ìjùmú ni màmá mi ti wá, lọ́dọọdún nígbà tí wọ́n bá ń kọ ebè iṣu, mo máa ń tẹ̀ lé e lọ sí àáró. Bí gbogbo yín bá kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, oko ẹlòmíràn ló kàn lọ́la, títí yóò fi kárí. Opó kan wà nínú àwọn tí màmá mi ń bá ṣe é. Apá rẹ̀ kò lágbára mọ́, ebè tó ń kọ kò tó ìdajì ti màmá mi. Síbẹ̀ bí ọjọ́ tirẹ̀ bá pé, gbogbo wọn ló ń lọ, wọn kì í sì í tètè kúrò níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ń ṣe lóko àwọn tó kù.

Bí mo ṣe lo àwọn mẹ́fà mi nìyẹn. Ẹni tó bá jà lónìí á sinmi lọ́la. Bí a bá rí omi agbára, á lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Mo rò pé ohun tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi tètè dé, ó sì wo ojú tẹlifíṣọ̀n.

"Kí lèyí? Ìpele méjìdínlógún ni gbogbo wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Àti ìyá arúgbó yìí náà?"

"Ó ti kan òun náà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá ògiri mú. Ó ké sí àwọn tó ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù. "Ẹ wá wo nǹkan o! Àbúrò mi ń ṣe àáró nínú géèmù!"

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí ní Ìyá Aláàáró. Bí wọ́n bá ti wọlé báyìí, ẹnì kan á ní, "Ìyá Aláàáró, oko ta ló kàn lónìí?" Màá tẹrí ba, màá máa nu páàdì lọ. Ṣùgbọ́n mi ò yí bí mo ṣe ń ṣe é padà. Ẹni tó kàn ni mo ń mú jáde.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan dé láti Lokoja. Ọmọ Okun bíi tiwa ni, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Iṣẹ́ ló gbé e wá sí Kabba fún oṣù díẹ̀, ó sì fẹ́ máa gbá géèmù kọ̀rọ̀ náà lójoojúmọ́. Ó béèrè bóyá àyè wà.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. "Ti àbúrò mi la máa pa rẹ́. Kò sí nǹkan gidi níbẹ̀."

Ó dà bí ẹni pé wọ́n da omi tútù sí mi láyà. Nílé wa, èmi ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ kàn gbẹ̀yìn, bí wọ́n bá rántí. Inú géèmù yẹn nìkan ni èèyàn mẹ́fà ti ń lọ síbi tí mo bá nàka sí, tí mo sì ń kó gbogbo wọn dé láàyè. Bí wọ́n bá pa á rẹ́, mi ò ní ibòmíràn tí mo ti jẹ́ ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́." Ohùn mi ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

"Jọ̀ọ́ kí ni?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà ló gbà mí. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú ẹnubodè òkúta inú géèmù yẹn. Bó bá kọjá, kó máa ní àyè rẹ̀, èmi á dúró."

Ẹranko kan tí awọ rẹ̀ jẹ́ irin ló ń ṣọ́ ẹnubodè náà. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kò rí i kọjá. Ìgbà ọyẹ́ ló ti bá a jà kẹ́yìn, kò sì fọwọ́ kan eré rẹ̀ mọ́.

"Ẹnubodè kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Bó o bá kọjá, àyè náà di tìẹ. Bó ò bá kọjá, ìwọ fúnra ẹ lo máa pa á rẹ́. Gbogbo ẹni tó wà níbí, ẹ gbọ́ o!"

Nínú géèmù yẹn, bí o bá lé ẹnì kan kúrò nínú ẹgbẹ́, agbára rẹ̀ á pín sára àwọn tó kù. Kò sí ẹni tó wọlé lọ́sẹ̀ náà tí kò gbà mí nímọ̀ràn pé kí n lé ìyá arúgbó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi náà ní, "Jẹ ìyá yẹn tán, kó o lè rí nǹkan fi jà." Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbé ọwọ́ lé orúkọ rẹ̀. Géèmù bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo wo obìnrin náà tó dúró tó di ọ̀pá rẹ̀ mú, mo rántí gbogbo ibi tó ti bá wa di ọgbẹ́, inú sì bí mi. Sí wọn ni, sí ara mi náà sì ni. Mo tẹ rárá.

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, wọ́n pa bọ́ọ̀lù tì. Wọ́n fún ara wọn mọ́ ẹ̀yìn mi, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà. Ọlọ́ọ̀kọ̀, alágbẹ̀dẹ, onídán àti ọlọ́fà ni mo kọ́kọ́ mú jáde. Ẹranko náà fi ìrù gbá wọn lẹ́ẹ̀kan, ọlọ́fà ṣubú. Kò pẹ́, ọlọ́ọ̀kọ̀ náà ṣubú.

"Ó parí!"

"Ìyá Aláàáró, ẹ kú ará fẹ́ra kù o!"

"Kí ni wọ́n máa fi sin wọ́n báyìí, ebè?"

Mo tẹ bọ́tìnnì kan tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí lo tẹ̀ yẹn?"

"Mo pe àwọn tó wà ní bùdó."

Òun ò pe ẹnì kankan láti bùdó rí. Ta ni ì bá pè? Ẹnì kan ló fún ní gbogbo agbára, ọkùnrin onídà rẹ̀, àwọn tó fi sílẹ̀ ní bùdó sì rí bí wọ́n ṣe rí lọ́jọ́ tó mú wọn. Ọmọbìnrin olè àti ìyá arúgbó ló jáde wá fún mi, àwọn méjèèjì lágbára bí àwọn tó ṣubú ṣe lágbára. Ìyá náà di ọgbẹ́ alágbẹ̀dẹ. Ọmọbìnrin náà sá yí ẹ̀yìn ẹranko lọ, níbi tí irin kò dé. Bí ó bá rẹ ẹnì kan, á padà sẹ́yìn, ìyá á fi ewé kàn án, á tún jáde. Ó pẹ́. Mi ò gbọ́ ìró ẹ̀pà mọ́. Nígbà tí ẹranko náà wó lulẹ̀, díẹ̀ ló kù kí alágbẹ̀dẹ náà kú. Ẹnubodè ṣí, pápá tútù kan tí mi ò rí rí sì tẹ́ lọ níwájú mi.

Ọ̀dọ́kùnrin ará Lokoja nìkan ló ní, "Okun o," bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti oko dé nílẹ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó dáa, o gbìyànjú. Ṣùgbọ́n eré ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe o. Oníbàárà ni oníbàárà, ọmọ ilé ni ìwọ. Lọ́la, bó o bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, pa á rẹ́ fún un."

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní òun ò fẹ́ ìjà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kò síjà níbẹ̀.

Mo dìde. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde.

"Mi ò ní pa á rẹ́."

"Kí lo wí?"

"Mo ní mi ò ní pa á rẹ́, Bọ̀ọ̀dá. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń wá sóko yín, kò sí àárọ̀ tí mi ò dé. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kàn mí, ẹ wá ní ẹ ò ní wá. Ní Ìkòyí, bí ẹnì kan bá ṣe irú ẹ̀, wọn kì í bá a jà. Oko tirẹ̀ ni wọ́n kàn máa fò. Bí àyè kan bá máa kúrò níbẹ̀, tiyín ni. Láti ìgbà ọyẹ́ lẹ ò ti fọwọ́ kàn án."

Ẹnì kan ní "Háà!" lẹ́yìn mi. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí bí ẹni pé bẹ́ǹṣì ló lanu sọ̀rọ̀. Mo rò pé á gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó mú fìlà rẹ̀.

"Ṣe é bó bá ṣe wù ọ́," ló wí, ó sì jáde.

Mo mọ̀ pé ó dá a lójú pé mi ò ní ṣe nǹkan kan. Nígbà tí mo délé, mo gbé oúnjẹ mi padà fún màmá mi. Ó bi mí pé kí ló ṣe mí, mo ní kò sí. Ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀. Wọ́n ń sọ di òní pé oríire ni mo ṣe, pé bí mo bá ti lé ìyá arúgbó lọ ni, ì bá tètè parí. Kí wọ́n máa sọ. Mo ti kíyè sí i pé àwọn tó ń ní kí wọ́n jẹ ẹnì kan tán kí ẹlòmíràn lè yó, àwọn náà ni wọ́n máa ń rò pé àwọn ló máa yó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì jí. Mo tan ẹ̀rọ kọ̀rọ̀, mo sì lọ sí àyè àkọ́kọ́, èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ọkùnrin onídà dúró síbẹ̀ ní ìpele kọkànlélógójì, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì wà ní ìpele kẹta. Mo pa á rẹ́. Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin ará Lokoja wọlé, mo kí i, mo sì ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ máa bọ̀, àyè yín ti ṣí sílẹ̀."